Ẹ̀gbà Ọwọ́ Ìyá Odogbolu

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Bàbá Olómi-ẹ̀rọ lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ṣe ni mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n tètè jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìyìn wọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyìn wọn àti ti Ìyá Odogbolu, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Kò dára kí n máa ṣe bí ẹni tó ti mọ iyì àwọn méjèèjì tipẹ́tipẹ́. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, láàárín àwọn ọdún tí à ń tò fún mílíkì àti ọṣẹ, mo sì gbà pé kò sí ohun tí arúgbó kan lè kọ́ mi nípa ilẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Iṣẹ́ wọn ni láti máa wá páìpù tí àwọn òyìnbó rì mọ́lẹ̀ láyé ọjọ́un, tí ẹnikẹ́ni kò rántí ibi tó gbà mọ́. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi ń wá a, ọ̀pá gígùn tó ní àwo pẹrẹsẹ nídìí, tó máa ń ké bó bá ti bá irin pàdé nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí wọn, èyí tó kéré ju ti ibi iṣẹ́ lọ, tó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín irin àti idẹ. Láti ìgbà náà, orí ahoro àwọn ilé àtijọ́ ni Bàbá ti ń lo ọjọ́ Sátidé wọn, tí onílẹ̀ bá ti gbà fún wọn. Wọ́n ń wá kọ́bọ̀ ayé òyìnbó, ẹ̀gbà, ṣaworo, ohunkóhun tó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti lọ. Àwọn ọmọdé ń pe ẹ̀rọ náà ní ajá Bàbá, nítorí pé ó ń gbóòórùn ilẹ̀ kiri. Ohun tí Bàbá bá wú jáde, ọwọ́ onílẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Bí onílẹ̀ bá ní kí wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á sì dúpẹ́ bí ẹni tí a fún ní odidi màlúù.

Ìyá Odogbolu ló ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n wá. Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ìyá tó bí wọn kú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ bí ọdún mẹ́fà, inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí, nínú ilé bàbá bàbá mi, lẹ́yìn ìlú Ìjẹ̀bú-Òde lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bí àwọn ará àtijọ́ ti ń ṣe nìyẹn. Inú ilé lèèyàn ń gbé, inú ilé náà ló sì ń sùn sí lẹ́yìn ikú. Ẹ̀gbà idẹ méjì ni olóògbé ní, ọwọ́ asúdẹ kan náà ni méjèèjì ti jáde. Àwọn ará ilé fi ọ̀kan sí òkú lọ́wọ́ wọ inú ilẹ̀, wọ́n fi èkejì sí ọmọ lọ́wọ́. Ó tóbi fún ọmọ náà, wọ́n ní kó máa tì í sókè apá títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kún un. Lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyá wọn mú wọn lọ sí Odogbolu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti di Ìyá Odogbolu fún gbogbo wa. Kí wọ́n tó dàgbà, ilé àtijọ́ ti wó, bàbá bàbá mi ti kọ́ òmíràn sí àárín ìlú, igbó sì ti gba ti àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí Ìyá mọ̀ nípa ibojì náà kò ju gbólóhùn kan lọ, èyí tí bàbá wọn sọ fún wọn kó tó kú: bí o bá ti wọlé, yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ẹbí ṣe ìpàdé, a sì fẹnu kò pé kí a pín ahoro náà fún àwa ọmọ ilé ká fi kọ́lé. Tèmi bọ́ sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá igbó tó lọ sí odò. Mo kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ra búlọ́ọ̀kù pamọ́, mo sì ti ní kí ẹnì kan ya àwòrán ilé oníyàrá mẹ́rin fún mi. Katakátá ni yóò wá ro gbogbo rẹ̀ tẹ́jú ní ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà. Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí Ìyá Odogbolu tó dìde. Wọn kò sunkún, wọn kò sì bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ pín in, ó dára," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kí irin yẹn tó gun orí ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tó wà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré ni mò ń tọrọ."

Olórí ẹbí ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí náà ni a ní. Bí a bá rí i, a ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bí a kò bá rí i, kí Ìyá foríjì wá. Èmi ni iṣẹ́ náà já lé lórí, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Mo ń rò ó nínú mi pé egungun tó ti di erùpẹ̀, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Mi ò sọ ọ́ síta. Mo mọ ẹnu Ìyá dáadáa.

Nígbà tí Bàbá dé ahoro, inú àpò ìrẹsì ni ẹ̀rọ wọn wà, wọn kò sì yọ ọ́. Ọ̀dọ̀ Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú koríko pẹ̀lú aṣọ funfun wọn.

"Ìyá, àwọn wo ló sùn síbí?"

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi onílẹ̀ nìyẹn, níbikíbi tí wọ́n bá lọ. Ìyá sọ èyí tí wọ́n mọ̀. Bàbá gé igi wẹ́wẹ́, wọ́n wá ìdí ògiri tó kù nínú koríko, wọ́n sì ń ri igi mọ́lẹ̀ títí àwòrán ilé náà fi hàn, yàrá lápá ọ̀tún, yàrá lápá òsì, àgbàlá láàárín. Ìdí ògiri nìkan ni, kò sí ẹnu ọ̀nà kan tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi, èmi tí mo ti gbé ṣọ́bìrì dání bí ọlọ́pàá gbé kóńdó.

"Tíṣà, ẹ gbé ìyẹn kalẹ̀. Iwájú ilé àti orí ààtàn ni mo ti ń wú nǹkan. Èmi kì í gbẹ́ inú yàrá. Nínú yàrá, ẹ̀rọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀gbà. Wọ́n yọ ẹ̀rọ, wọ́n fi nǹkan dúdú méjì bo etí, wọ́n gbé àwo ẹ̀rọ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Ìyá. Wọ́n ní kí èmi náà gbọ́. Ohùn tó rẹlẹ̀ ni, tó fà, kò jọ ti ìṣó tó máa ń ta ènìyàn létí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì, wọ́n wá ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n." Wọ́n bẹ Ìyá pé kí wọ́n bọ́ ẹ̀gbà náà sílẹ̀, torí pé bí ó bá wà nítòsí, ẹ̀rọ kò ní gbọ́ ohun mìíràn. A fi ọṣẹ sí i, a fi epo pupa sí i, a fà á títí Ìyá fi gbá mi lọ́wọ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ti wà níbẹ̀, eegun ọwọ́ ti tóbi jù ú lọ. Kò sí ohun tí a lè ṣe. A gbé àga lọ sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lókèèrè, Ìyá lọ jókòó síbẹ̀. Bó ṣe di pé ẹni tó ni ìyá ni kò lè súnmọ́ ibi tí a ti ń wá ìyá nìyẹn.

Láti ojú títì ni a ti wọlé, a ka yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wọ́lẹ̀. Ọjọ́ kìíní, kò ké. Ọjọ́ kejì, ó ké fún ìṣó. Wọ́n wọ́ yàrá kejì àti ìkẹrin, bóyá Ìyá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Kò sí nǹkan. Wọ́n wá sí iwájú ilé lẹ́bàá títì, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ojú ọkọ́ tó ti jẹra, ìdérí agolo, àti àfọ́kù ìkòkò lóríṣiríṣi. Ibi tí wọ́n bá wú, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé ilẹ̀ náà ní igun mẹ́rin, wọ́n á ká koríko rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á mú ohun tí wọ́n fẹ́ mú, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n á sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, katakátá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ta ló ń wo ihò?"

Wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀. "Àwọn ni wọ́n ń wò ó."

Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n má baà rí ojú mi. Onínú-fùfù ni mí, àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà wò, mi ò lè tọ́ka sí ibi kan tí Bàbá ti wú nínú gbogbo ilẹ̀ yẹn. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín wọn kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu mi.

Sátidé tó kẹ́yìn dé, kò ku ohun mìíràn ju ọjọ́ Àìkú lọ kí katakátá dé. Ìyá ti wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá láti Odogbolu bí ìgbà gbogbo, wọ́n jókòó sábẹ́ àgbálùmọ̀, wọn kò bi wá ní nǹkan kan. Àìbéèrè yẹn ló dùn mí jù. Bàbá náà kò jẹun. Wọ́n ń tún nǹkan kan sọ lábẹ́lẹ̀, "Iwájú ilé wo ni kò ní kọ́bọ̀?" Mo ní kí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní láti ọdún tí àwọn ti ń ṣe eléyìí, kò tíì sí iwájú ilé tí wọn kò ti rí owó kéékèèké, torí ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń pàtẹ sí, ibi tí a bá sì ti ń tajà, owó á bọ́ sínú iyanrìn. Iwájú ilé wa yìí, àfọ́kù ìkòkò ló kún bẹ̀, bí ẹni pé ààtàn ni.

Wọ́n ní àwọn á kúkú wọ́ ẹ̀yìnkùlé, kí ó má baà jẹ́ pé a fi ibì kan sílẹ̀. Mi ò tíì mu omi tán tí ẹ̀rọ fi ké. Ọ̀níní kan ni, èyí tó níhò láàárín. Bàbá sún díẹ̀, ó tún ké. Kọ́bọ̀ ni. Wọ́n sún, ó ké. Lórí ilẹ̀ tóóró kan bí ìbú ẹní méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ògiri, ni gbogbo rẹ̀ wà, bí ìgbà tí ènìyàn gbin àgbàdo síbẹ̀. Agolo mílíkì tí wọ́n ń kó o sí bẹ̀rẹ̀ sí í dún wọnjan-wọnjan. Mo kígbe sí Ìyá lókèèrè.

"Ìyá, kí ni ìyá yín ń tà láyé wọn?"

"Ẹ̀kọ ni. Iwájú ilé ni wọ́n ń jókòó sí, lábẹ́ òrùlé. Ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń sùn sí."

Ebi ń pa mí, oòrùn sì ti mú orí mi. Mo ní, "Ẹ̀yìnkùlé la ti ń rí owó ẹ̀kọ o. Àbí igbó ni wọ́n ń tà á fún?"

Ẹ̀fẹ̀ lásán ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n Bàbá dúró. Wọ́n yọ nǹkan etí náà, wọ́n wo igbó, wọ́n wo títì, wọ́n tún wo igbó. Wọ́n rìn lọ bá Ìyá lábẹ́ igi, èmi náà tẹ̀lé wọn.

"Ìyá, ìgbà wo ni wọ́n la títì yìí?"

Ìyá ní àwọn ti wà ní Odogbolu kí wọ́n tó là á.

"Kí wọ́n tó là á, ibo ni èèyàn ń gbà wá sílé yìí?"

Ìyá ronú títí. Ọwọ́ wọn, èyí tí ẹ̀gbà wà, gbéra díẹ̀díẹ̀, ó sì nà sí igbó. "Ọ̀nà odò," ni wọ́n wí. "Gbogbo ẹni tó bá lọ pọn omi ló ń ra ẹ̀kọ."

Ilé náà kò kọjú sí títì rí. Odò ló kọjú sí. Nígbà tí ìjọba la títì sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ọ̀nà odò di igbó, gbogbo wa tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà wá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, a sì ń pè é ní iwájú. Orí ààtàn ni a ti ń wá ẹnu ọ̀nà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ojú tì mí gan-an, èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé kò mọ àríwá yàtọ̀ sí gúúsù.

A lọ dúró sí ẹ̀yìn àwọn kọ́bọ̀, a kọ ẹ̀yìn sí odò, a wọlé. Yàrá kìíní lọ́wọ́ òsì, ìkejì, ìkẹta. Bàbá wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn, ìgbà tí mo sì gbójú sókè, òpó sìmẹ́ǹtì méjì ni mo rí, èyí tí wọ́n fi sàmì sí pulọ́ọ̀tì mi. Orí ilẹ̀ mi ni a dúró sí. Bí mo bá fi àwòrán ilé mi lé e, àárín pálọ̀ gan-an ni. Mi ò ní purọ́, inú mi bàjẹ́. Mo gbàdúrà kúkúrú kan pé kí ẹ̀rọ má ké, Ọlọ́run dárí jì mí, kò sì gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sódò, òjò sì ti ń wẹ̀ ẹ́ lọ láti ọdún pípẹ́, ohun tó wà nísàlẹ̀ kò sì jìn mọ́. Bàbá wọ́ ẹ̀rọ lọ, wọ́n wọ́ ọ bọ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n tún gbé e kọjá lójú kan náà, wọ́n dijú. Wọ́n yọ nǹkan etí náà fún mi. Ohùn náà kéré, bí ohùn ẹni tó ń dáhùn láti inú kànga, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀, ó sì fà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ ọ rí lọ́wọ́ Ìyá.

Bàbá ṣí fìlà wọn. Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣì ń rí i títí dòní. Wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọ́n rọra gbé e sínú àpò ìrẹsì, wọ́n lọ gbé e jìnnà réré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n juwọ́ sí abẹ́ igi pé, "Ìyá, ẹ lè máa bọ̀ báyìí."

Ìyá dé. Èmi ti gbé ṣọ́bìrì. Mo ní ká wú díẹ̀, ká rí idẹ náà fojú rí, kí ó lè dájú. Mo bi Bàbá bóyá ó dá wọn lójú.

"Kò dá mi lójú tó ohun tí mo lè fi búra," ni wọ́n wí. "Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní ó dá mi lójú."

"Ẹ ò wá rí i, Ìyá? Ẹ jẹ́ ká wú u."

Ìyá kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Èwo nínú àwọn ọmọ rẹ ló ń fi ṣọ́bìrì jí ọ lójú oorun?"

Mo gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀. Ìyá Odogbolu kúnlẹ̀ pẹ̀lú eékún tó ti ń dùn wọ́n láti ọdún mélòó kan, wọ́n fi ọwọ́ ẹlẹ́gbà lélẹ̀. Èdè Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, mi ò lè kọ ọ́ bó ṣe dùn lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ tó ti ìrìn àjò dé ń sọ ni. Wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o. Mo ti dé." Wọ́n wá dákẹ́ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun kú àbọ̀. Bàbá Olómi-ẹ̀rọ yíjú sí odò. Èmi ń sunkún, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Ìyá kò bèèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Èyí ni mo fi mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn yẹ̀rì wọn, wọ́n ní ó tó, àwọn ti rí ibẹ̀, kí n máa kọ́ ilé mi. Bóyá wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá bẹ̀ mí, màá jiyàn. Lọ́jọ́ Ajé, èmi ni mo dúró sójú ibẹ̀ nígbà tí katakátá dé, mo ní kó yà. Awakọ̀ ní ta ni mí. Mo ní èmi ni mo ni ilẹ̀, ìyá mi ń sùn, kó yà.

Ẹni tó ya àwòrán ilé mi bínú, ó ní ilé tí mo ń fẹ́ kò jọ ti ayé òde òní. Yàrá mẹ́rin di mẹ́ta, wọ́n sì yí ká àgbàlá kékeré kan tí ibojì náà wà láàárín rẹ̀. Àwọn ẹbí pè é ní ilé ayé àtijọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa pè é. Mo ní kí ẹnu ọ̀nà mi kọjú sí odò.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àìsàn dá Ìyá Odogbolu wó. Mo lọ tọ́jú wọn. Wọ́n ti rù débi pé ẹ̀gbà tí ọṣẹ àti epo kò lè bọ́ yọ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bọ́ sórí ẹní. Mo mú un, mo fẹ́ dá a padà sí wọn lọ́wọ́. Mo ṣèlérí pé ọwọ́ wọn ni màá jẹ́ kó wà títí dé inú ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn.

"Onírúurú ìwé lo kà, o ò gbọ́n," ni wọ́n wí, ohùn wọn kò sì ga. "Bí méjèèjì bá wọ ilẹ̀, kí ni wọ́n máa fi mọ ohùn rẹ̀ bí wọ́n bá tún sọ wá nù?"

Wọ́n tì í sí ọwọ́ mi fúnra wọn. Inú àgbàlá mi ni a sin wọ́n sí, Bàbá Olómi-ẹ̀rọ wá láìmú ẹ̀rọ dání, àwọn ló sì fi ẹsẹ̀ wọn tẹ koríko padà títí ojú ibẹ̀ fi tẹ́jú. Ẹ̀gbà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọṣẹ gbìyànjú láti bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀, mo sì fi í sílẹ̀.